Ìdun Kò Mọ Ààlà Ojúlé

Bí ibà bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀, yóò sọ fún ará ilé, yóò sì sọ fún ará ibi iṣẹ́. Bí olè bá jí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gbé, gbogbo àdúgbò yóò ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìdun ń jẹ. Yóò wọ ẹ̀wù alápá gígùn nínú ooru Èkó, yóò ní ẹ̀fọn ló pọ̀ ní àdúgbò òun, bí àlejò bá sì fẹ́ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò wá àwáwí tí àlejò náà yóò fi lọ sùn sí ibòmíràn. Láàrin àwa ọ̀dọ́ tí a ń háyà ilé, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni là á mọ́lẹ̀ láwùjọ pé, "Ìdun wà nílé mi." Ìtìjú yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí nínú ilé tí mo ń gbé ní Bàríga lọ́dún tó kọjá, ó dá mi lójú pé ìtìjú ń tọ́jú ìdun ju ìdọ̀tí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá jà. Ìdun jẹ́ kòkòrò pẹlẹbẹ, pupa rúsúrúsú, tí àgbà rẹ̀ tó hóró ọkà bàbà kan. Kò lè fò, kò sì lè tọ. Ìrìn ni ó ń rìn, ó sì mọ̀ ọ́n rìn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka oríṣi méjì tí ó ń bá ènìyàn gbé: Cimex lectularius, tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ òtútù, àti Cimex hemipterus, tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru bí tiwa. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Èémí wa àti ooru ara wa ni ó fi ń mọ ibi tí a sùn sí. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan yóò mu àmuyó, yóò sì padà sínú ihò rẹ̀ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún ènìyàn. Abo rẹ̀ lè yé ẹyin tó 5 lójúmọ́, ẹyin náà sì máa ń pa láàrin ọjọ́ 6 sí 10. Ọmọ tí ó jáde gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀, kí ó bọ́ awọ, kí ó tún mu, kí ó tún bọ́, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ó tó di àgbà. Bí kò bá sì rí ẹni jẹ, ó lè fara pamọ́ fún oṣù mélòó kan láìkú. Ẹni tí ó bá rò pé òun yóò lọ sílé ìyá òun fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ebi lè pa ìdun, òun ni ebi ìrìn-àjò yóò pa.

Kò sí ẹ̀rí pé ìdun ń kó àrùn ran ènìyàn bí ẹ̀fọn ti ń kó ibà. Síbẹ̀, ẹni tí kò sùn fún oṣù méjì kò yàtọ̀ sí aláìsàn, àwọ̀ ọmọdé tí a sì ń họ títí yóò di egbò.

Ní ti ìdọ̀tí, ìdun kì í jẹ ìdọ̀tí. Ilé tí ẹrù kún inú rẹ̀ lè fún un ní ibi ìsápamọ́ púpọ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń fi ọṣẹ olóòórùn dídùn nù lójoojúmọ́ kò lé e, bí ẹlẹ́jẹ̀ bá ṣáà ti ń sùn nínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, ìlú Paris ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ìdun rẹ̀, títí dé orí ọkọ̀ ojú irin àti inú ilé sinimá. Kì í ṣe pé àwọn ará Paris ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀bùn lọ́dún náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn DDT fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìdun run ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà; ṣùgbọ́n àwọn tí oògùn náà kò pa ni wọ́n bí àwọn tí kò gbọ́ oògùn mọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń parí lọ, ìdun ti tún padà, inú àpótí arìnrìn-àjò ni ó sì bá wọ hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ojúlé mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Èmi ń gbé lókè, nínú yàrá kan tí ó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, èyí tí àwọn éjẹ́ǹtì ń pè ní self-contain, tí wọ́n sì ń dá owó lé bí ẹni pé ààfin ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ni ó múlé gbè mí. Bàbá Tíṣà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wà ní ojúlé kẹta. Nísàlẹ̀ ni Ìyá Ìbejì wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè Ọya, àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àti Bọ̀dá Mikáníìkì. Onílé kò bá wa gbé. Ìkòròdú ni wọ́n wà. Ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Alága ni ó ń bá wọn gba owó ilé, tí ó sì ń bójú tó ilé.

Òórùn ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé-ẹ̀kọ́ girama olùgbéwọlé rí, tí ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì onírin sínú oòrùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó ti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ dáná sábẹ́ ìdè irin rẹ̀, kì í gbàgbé òórùn náà: ó dùn díẹ̀, ó sì rí ènìyàn lára púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin, tí mo rí àpá mẹ́ta lápá mi tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tí ó tò síwájú ilé ìfowópamọ́, n kò bá ẹ̀fọn wíjọ́. Ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ kejì, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo gbé fóòmù dúró, mo sì yẹ etí rẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti rán an. Mo rí ìgbẹ́ wọn, tó dà bí ẹni fi bírò dúdú tọ́ aṣọ ní tótòtó. Mo rí awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Mo rí méjì tí ó ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Mo fi sẹ́lótéèpù mú ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé funfun, mo sì kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà, bí ó bá kàn yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àpá ara kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ìdun lè jẹ tọkọtaya lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, kí ara ọ̀kan wú, kí ara èkejì má sì fi nǹkan kan hàn rárá. Ṣùgbọ́n onílé tí a bá gbé òkú ìdun síwájú rẹ̀ kò lè sọ pé ẹ̀fọn ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ògiri kan ṣoṣo ni ó là wá láàrin. Èyí àgbà nínú wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí nǹkan kan ní yàrá tiwa o, Àǹtí."

Mo dúpẹ́, mo sì yí padà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn. Òun ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ó ti tó oṣù méjì. A ò mọ bí a ṣe máa sọ ọ́ ni."

Wọ́n ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sùn lórí ẹní nílẹ̀, ìdun sì ń tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ra oògùn oníke tí a ń fín sínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń fín in. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ihò tí ìdun wà. Èyí tí ó bá kàn lára kú. Ìyókù gba ihò wáyà iná àti etí páìpù omi lọ sí ojúlé kejì. Owó oúnjẹ àwọn ọmọ yìí ni wọ́n fi ń rà á. Àwọn òbí wọn kò gbọ́, onílé kò gbọ́, èmi tí ògiri kan là wá láàrin kò gbọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nígbà tí a ń ṣe àgbéyẹ̀wò òwe yìí ní yunifásítì, àfiwé ni a kà á sí. N kò mọ̀ pé mo máa bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pàdé ní gbangba, tòun ti kòkòrò rẹ̀, tòun ti òru rẹ̀.

Kí n tó délẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé etí Alága, ó sì ti dájọ́. Ó ní àga onítìmùtìmù tòkúnbọ̀ tí Ìyá Ìbejì rà ní oṣù kejì ni ó gbé ìdun wọlé. Ó ní owó ilé rẹ̀ yóò tán ní òpin oṣù kẹfà, kí ó máa wá ibòmíràn, onílé kò ní gba owó mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbejì náà kò ju ọmọ oṣù méje lọ nígbà náà. Ọrùn wọn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n wẹ̀. Ní ilé kẹ́mísìtì, wọ́n ti sọ fún un pé ooru ló mú wọn, wọ́n sì ti ta ìpara fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin ará ilé mi," ni ó wí nígbà tí ó rí wa lágbàlá, "àwọn ọmọ mi náà kò sùn. Ṣé èmi ni mo ní kí ó wá jẹ àwọn ọmọ mi?"

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo ohun tí ìdájọ́ yìí túmọ̀ sí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lójú títì, tí ó ń tọ́ ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tún wá owó ilé tuntun, owó éjẹ́ǹtì, owó ìwé àdéhùn àti owó ìdúró-bí-nǹkan-bá-bàjẹ́, láàrin oṣù méjì. Ìdun tí ó wà lára ẹrù rẹ̀ yóò bá a lọ sí ilé mìíràn. Èyí tí ó wà nínú ògiri kò ní bá a lọ. Àwa ni yóò kù fún.

Bàbá Tíṣà ni wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n ní, "Alága, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbogbo ilé wò ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Nígbà tí àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ní kí a wá tú bẹ́ẹ̀dì òun, ta ni yóò ní kí a má tú tòun? Èmi àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni a lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti káàdì ike àtijọ́ tí a fi ń gbo inú àlàfo. A wo etí fóòmù, ìsopọ̀ igi bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn àwòrán ara ògiri, etí kọ́tìnì, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti là. A rí i ní ojúlé mẹ́rin nínú mẹ́fà. Àga tòkúnbọ̀ Ìyá Ìbejì ńkọ́? A tú aṣọ abẹ́ rẹ̀, a kò bá ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ibi tí ó pọ̀ sí jù lọ kì í ṣe ọ̀dọ̀ obìnrin náà rárá. N kò ní sọ ojúlé tí ó jẹ́, nítorí pé ìmọ̀ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kò sí bí a ṣe lè wo ìdun lójú kí a mọ ẹni tí ó gbé e wọlé. Ó lè bá àpò ìrìn-àjò wọlé, ó lè bá ìwé àlòkù wọlé, ó sì lè ti wà nínú ògiri kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìdun fúnra rẹ̀. Bọ̀dá Mikáníìkì dé láti ibi iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìgò ọ̀tapiapia àti kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kékeré kan. Ó ní òun yóò lu méjèèjì pọ̀, òun yóò fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yóò sì parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ọmọ oṣù méje wà nínú ilé yìí," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ó ti gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀.

Dichlorvos ni ó sábà máa ń wà nínú irú àwọn ìgò wọ̀nyí. Ó ń gba èémí àti awọ ara wọlé, ó sì ń da ètò iṣan-ọpọlọ rú: itọ́ yóò máa dà, èébì yóò gbé ènìyàn, mímí yóò di ìṣòro. Ìdí pàtàkì wà tí àjọ NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, láti 100ml wálẹ̀, ní ọdún 2019. Ẹni tí ó fín in sórí fóòmù tí yóò sùn lé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ń fín in sára ara rẹ̀. Ní ti pẹtiróòlù, iná ẹyọ ìṣáná kan ti tó láti fi ilé àti ìdun jóná pọ̀.

Ooru ni ọ̀tá ìdun. Bí ooru inú ohun kan bá dé 50°C títí dé àárín rẹ̀, àti àgbà, àti ọmọ, àti ẹyin, gbogbo rẹ̀ ni yóò kú. Nítorí náà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, gbogbo ojúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó ẹrù síta ní ọjọ́ kan náà, títí kan ojúlé méjì tí a kò ti rí nǹkan. A ní kí ẹ̀rọ ìdáná méjì máa gbóná láti aago méje òwúrọ̀. A tú àwọn bẹ́ẹ̀dì sí wẹ́wẹ́, a sì da omi híhó sí gbogbo ìsopọ̀ wọn. Aṣọ tí ó lè gba omi gbígbóná wọ inú rẹ̀. Èyí tí kò lè gbà á, a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ gbogbo ojú rírán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a di gbogbo aṣọ sínú ọ̀rá, a sì so ẹnu wọn pinpin. Oòrùn kan ṣoṣo kò tó, ẹ má tan ara yín jẹ. Bí a bá sá fóòmù, ìdun yóò rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji wà, yóò sì dúró de alẹ́. Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè a máa kó ẹrù sínú fíríìsà ní -18°C fún ọjọ́ 4. Mo rò ó wò nítorí aṣọ òkè ìyá mi tí n kò lè sè. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná wo ní Bàríga ni yóò dúró ọjọ́ mẹ́rin? Mo tẹ́ aṣọ náà sórí ìbùsùn funfun, mo sì yẹ ìlà rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọrùn fi ń ro mí.

Fóòmù kan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. A kò kàn gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. A fi ọ̀bẹ là á sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ sílé rẹ̀ kí ó fi tẹ́ ọmọ.

Ọkùnrin tí ó ń fín oògùn kòkòrò dé ní ọ̀sán, nígbà tí yàrá ti ṣófo. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú oògùn rẹ̀, mo sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára agolo rẹ̀. Ó fín inú àlàfo àti etí ògiri, kò fín orí ibi tí a ń sùn sí. Ó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun yóò fín in, ẹ bi í pé báwo ni yóò ṣe ṣe ẹyin, nítorí pé ọ̀pọ̀ oògùn kì í ran ẹyin. Ó di dandan kí a padà wá pa àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kí wọ́n tó dàgbà tí wọn yóò fi yé tiwọn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Láàrin ìgbà méjèèjì, a fi símẹ́ǹtì funfun dí àwọn ihò, a fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, a sì gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀. Ìdun tí ó bá ń bọ̀ wá jẹun tàbí tí ó ń lọ sílé gbọ́dọ̀ gba inú agolo náà kọjá. Láràárọ̀ ni a ń kà wọ́n.

Owó ńkọ́? ₦60,000 ni ọkùnrin náà gbà lápapọ̀ fún ojúlé mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ lẹ́tà sí onílé ní èdè Yorùbá tó gún régé, mo sì fi ọ̀wọ̀ sí i: ọjọ́ tí a rí i, àwọn ojúlé tí a ti rí i, àwòrán, iye tí ó máa ná wa. N kò fi èébú sí i, n kò sì fi ẹ̀bẹ̀ àpọ̀jù sí i. Gbogbo wa ni a fọwọ́ sí i, Ìyá Ìbejì ni ó sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Onílé san ìdajì, wọ́n sì san owó símẹ́ǹtì. Ojúlé kọ̀ọ̀kan dá ₦5,000. N kò gbà pé lẹ́tà tí ẹnìkan ṣoṣo bá fọwọ́ sí ìbá rí irú èsì bẹ́ẹ̀ gbà.

Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò dárúkọ ìdun. Ohun tí ó sọ ni pé onílé ni yóò máa tún ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé ń lò pọ̀ ṣe, àti pé ayálégbé gbọ́dọ̀ lè gbádùn ilé tí ó sanwó rẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu. Ayálégbé náà ní ojúṣe láti tọ́jú inú ilé. Ìdun tí ó ń gba inú ògiri láti ojúlé kan sí òmíràn kò ṣe é jù sọ́rùn ẹnìkan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ìjà, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ń làjà láàrin onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó wá lọ́yà. Àwọn ará wa tí ń gbé New York ní ààbò kan tí mo ń ṣe ìlara rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni òfin ti ní kí onílé níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ayálégbé tuntun bóyá ìdun ti wà nínú ilé náà láàrin ọdún kan sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ni yóò béèrè. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání bí éjẹ́ǹtì bá ń mú yín wo ilé. Ẹ ṣí wọ́dúróòbù ara ògiri, ẹ wo igun rẹ̀. Ẹ bá àwọn ọmọdé inú ilé náà ṣeré díẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń sùn dáadáa. Ọmọdé kì í bá éjẹ́ǹtì pín owó.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn, nínú agolo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Tíṣà. Ní òpin oṣù náà, Alága gba owó ilé lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Kò bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ra bisikíìtì fún àwọn ìbejì.

Ní oṣù kẹsàn-án, Bọ̀dá Mikáníìkì kó lọ sí Ìkòròdú, Alága sì mú ọ̀dọ́bìnrin kan wá wo ojúlé rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gòkè wá kí wa, Alága ṣẹ́jú sí mi. Mo mọ ohun tí ó ń sọ. Mo kí ọmọbìnrin náà káàbọ̀, mo sì sọ fún un pé ìdun wà nínú ilé yìí nínú ọdún yìí, pé gbogbo wa ni a jọ lé e, pé ìwé owó tí a san wà lọ́wọ́ mi bí ó bá fẹ́ rí i.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn, mà?"

Mo sọ ọjọ́ náà fún un. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ padà sínú yàrá náà, ó sì lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, eruku ti kún orúnkún rẹ̀. Ó ní kí Alága fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́.